Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Kogí: Ẹ Bá Wa Fi Ẹnu Kò Lórí Àmì Àyọlò

Sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní Lọ́kọ́jà, àti sí ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé àti olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi ní Kàbà níbí. Ẹni tó bá fẹ́ tàìpù lẹ́tà ìwáṣẹ́, tó fẹ́ ṣe ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, pátákó ilé-ìwé tàbí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ọ̀dọ̀ irú wa ni yóò yà sí. Gẹ̀ẹ́sì gbogbo ìlú ló ń gba ojú mi kọjá: ti ọmọ ilé-ìwé, ti olùkọ́ rẹ̀, ti pásítọ̀, ti olóyè, ti kánsẹ́lọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò ju ojú ewé kan lọ. Ẹ jẹ́ kí ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ìwé girama, bí a ó ṣe máa kọ orúkọ ìwé, àti bí a ó ṣe máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí a yọ lẹ́nu ẹlòmíràn, nígbà tí a bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń wá owó tí ẹ ó fi tún òrùlé kíláàsì ṣe lè rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ dákun, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan mú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ti fi báírò pupa yí gbogbo àmì ìdánudúró tó wà lẹ́yìn àmì àyọlò po, ó ní kí ó kó gbogbo wọn wọlé. A kó wọn wọlé. Nígbà tí iṣẹ́ náà dé ọwọ́ olùkọ́ kejì, òun náà mú báírò tirẹ̀, ó ní ta ló kọ́ ọ ní irú ìkọkúkọ yìí, kí ó kó wọn jáde kíá. A tún kó wọn jáde. Gbogbo ojú ewé tí ọ̀rọ̀ kàn ni a tún tẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń sanwó rẹ̀. Ó bi mí léèrè pé èwo gan-an ló tọ̀nà. Mo ní méjèèjì ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè.

Òótọ́ ni mo sọ fún un. Ẹ wo gbólóhùn yìí: The trader said the yams were ‘not for sale’. Àmì ìdánudúró wà lẹ́yìn àmì àyọlò, nítorí pé oníṣu kò sọ gbólóhùn náà tán. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni a yọ lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ohun tí kì í bá ṣe ti ọlọ́rọ̀, kò gbọdọ̀ wọ inú àmì rẹ̀. Ẹ wá wo ti Amẹ́ríkà: The trader said the yams were “not for sale.” Àmì ìdánudúró ti wọlé, àmì àyọlò sì ti di oníbejì. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, kọ́mà àti àmì ìdánudúró máa ń wọlé ni, ì báà bá ìtumọ̀ mu, ì báà má bá a mu. Irú àmì ìbéèrè ni wọ́n ń bi léèrè pé ta ló ni ín: bí ọlọ́rọ̀ ló béèrè, ó wọlé, bí òǹkọ̀wé ló béèrè, ó dúró síta. Lórí ìyẹn, ẹnu àwọn méjèèjì kò.

Ìyàtọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1893 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford ti ní ìwé òfin kékeré tí Horace Hart ṣe fún àwọn tó ń to lẹ́tà. Ní 1906, àwọn ọmọ Fowler méjì tẹ *The King’s English* jáde, wọ́n ní kí ìtumọ̀ máa darí àmì. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé òfin ti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago jáde ní Amẹ́ríkà. Kò sí èyí tó ń bínú sí èkejì. Àwa tí a jókòó sáàárín méjèèjì ni a ń fi báírò pupa na ara wa.

Ẹ má wá ibi tí wàhálà náà ti wọlé lọ jìnnà. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ń lò ní kíláàsì, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlànà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni wọ́n tò sínú rẹ̀ kí n tó rà á. Bí n kò bá yí i, yóò máa fa ìlà pupa sí ‘colour’ bí ẹni pé mo jalè. Fóònù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. ChatGPT tí àwọn ọmọ ń gbé iṣẹ́ àṣetiléwá fún, bí wọn ò bá pàṣẹ fún un, bí ará Amẹ́ríkà ló ṣe ń kọ. Olùkọ́ kọ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ọmọ kọ bí fóònù ti kọ́ ọ, wọ́n wá pàdé nínú ìwé ìdánwò.

Níbẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Nínú èsé Gẹ̀ẹ́sì WAEC, 50 ni gbogbo máàkì. 10 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àmì, sípẹ́lì àti gírámà. Ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan títí 10 yóò fi tán. Ọmọ tó ní ọ̀rọ̀ rere nínú, tó mọ bí a ti ń sọ ìtàn, lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù gbogbo 10 yẹn sórí kọ́mà àti àpọ́sítírọ́fì. Ìdánwò WAEC náà ni ọmọ Gánà, Gáḿbíà, Sierra Leone àti Làìbéríà ń kọ, Làìbéríà sì rèé, ìlànà Amẹ́ríkà ló sún mọ́ jù. Ọmọ tó bá mú ọ̀nà kan tó sì tẹ̀lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní àwíjàre. Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ kan wọ bàtà ọ̀tún, tó ń fi èkejì wọ sálúbàtà, òun ni n kò mọ ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀.

Orúkọ ìwé ni wàhálà kejì, òun ló sì ń dùn mí jù. Àwọn ọmọ tó ti múra fún JAMB láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mọ ọ̀kan tàbí òmíràn nínú *In Dependence* tí Sarah Ladipo Manyika kọ, *Sweet Sixteen* ti Bọ́lájí Abdullahi, *The Life Changer* ti Khadija Abubakar Jalli àti *The Lekki Headmaster* ti Kabir Alabi Garba. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ kan kọ sínú ìwé tó gbé wá kí n bá òun tàìpù: My sister lost sweet sixteen in the bus. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló sọnù ni, àbí ọjọ́ orí àǹtí rẹ̀ ló já bọ́ nínú mọ́tò? Òmíràn kọ pé I learnt a lot in dependence. Ẹni tí kò mọ̀ pé ìwé kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ọmọ náà ń ròyìn ìyà tó jẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ń bọ́ ọ. Lẹ́tà ńlá àti ìlà kan nídìí ọ̀rọ̀ ni ìbá parí gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Pius Adésànmí, ọmọ Ìsánlú, ló gba ẹ̀bùn Penguin fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ní 2010, ní ẹ̀ka ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ìwé náà jáde ní 2011: *You’re Not a Country, Africa: A Personal History of the African Present*. Ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ yẹn. Àpọ́sítírọ́fì kan, kọ́mà kan, kólọ́ọ̀nù kan. Kọ́mà yẹn ló sọ fún wa pé Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni òǹkọ̀wé ń bá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ẹ yọ ọ́, a kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí mọ́. Kólọ́ọ̀nù ló ya orúkọ ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára àlàyé tó tẹ̀lé e. Ó tún ku ọ̀kan: Adésànmí kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà. Inú ewì kan tí Abioseh Nicol, ọmọ Sierra Leone, kọ ló ti mú un, ewì tó ń jẹ́ ‘The Meaning of Africa’. Orúkọ ìwé tó jẹ́ àyọlò fúnra rẹ̀ ni.

Ọkọ̀ òfurufú Ethiopian Airlines tó já ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹta 2019 ló mú ọkùnrin yẹn lọ, òun àti èèyàn 156 mìíràn. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ wa ń dárúkọ ìwé rẹ̀ nínú èsé àti nínú ọ̀rọ̀ ìyànjú, inú mi sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ wá fún mi nìyí: Your not a country Africa. Kò sí àpọ́sítírọ́fì, kò sí kọ́mà, kò sí ìlà nídìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi èdè jẹun láti Ìlọrin dé Carleton ní Kánádà, ohun tí a sọ orúkọ ìwé rẹ̀ dà nìyẹn.

Òfin tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Ìwé ni ilé, ewì inú rẹ̀ ni yàrá. Ohun tó dá dúró fúnra rẹ̀, bí ìwé, eré orí ìtàgé, fíìmù tàbí ìwé ìròyìn, lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ítálíìkì, ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé báírò la fi ń kọ, a ó fàlà sí ìdí rẹ̀. Ohun tó ń gbé inú òmíràn, bí ewì, ìtàn kúkúrú, orí ìwé kan tàbí orin kan nínú àwo, àmì àyọlò ni tirẹ̀. Bíbélì àti Kùránì kò gba ìkankan nínú méjèèjì. Lẹ́tà ńlá ti tó wọn. (Àwọn ìwé ìròyìn kan ń fi àmì àyọlò sí orúkọ ìwé. Àṣà ilé iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, kì í ṣe ti kíláàsì.)

Mo gbọ́ pé àwọn olùkọ́ kan ti ń sọ fún ọmọ pé fífa ìlà sí ìdí orúkọ ìwé ti di ayé àtijọ́. Àwa tí a ń tẹ ìwé mọ ibi tí ìlà yẹn ti wá. Ní Venice ní Ítálì ni Aldus Manutius ti tẹ odidi ìwé jáde pẹ̀lú lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní 1501. Orúkọ ilẹ̀ yẹn ni lẹ́tà náà ń jẹ́ dòní. Nígbà tí ẹ̀rọ tàìpù dé, kò lè tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ni ẹni tó ń tàìpù bá ń fàlà sí ìdí ọ̀rọ̀ kí ẹni tí yóò to lẹ́tà lè mọ̀ pé ítálíìkì ni kí òun fi tò ó. Àṣẹ fún oníṣẹ́ ìwé ni ìlà náà jẹ́. Lóòótọ́, ní 2009, ẹgbẹ́ MLA, àwọn onímọ̀ èdè ní Amẹ́ríkà, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lo ítálíìkì dípò rẹ̀, torí pé kọ̀ǹpútà ti wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ wa tó di báírò mú ńkọ́? Báírò kò ní ítálíìkì. Bí ẹ bá gba ìlà lọ́wọ́ rẹ̀, òfo ló kù.

Ti àwa àgbà burú ju ti ọmọdé lọ nígbà mìíràn. Ẹbí kan gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn wá. Wọ́n kọ ọ́ pé She was a ‘faithful’ wife and a ‘devoted’ Christian. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yọ àmì wọ̀nyẹn. Àkọ́bí ní rárá o, àwọn fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà ga ni. Mo wá ṣàlàyé fún un pé lójú ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó fi àmì àyọlò ká ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ pé ẹnu àwọn kan ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, òun ò lọ́wọ́ sí i. Ìyàwó tí wọ́n ní ó jẹ́ olóòótọ́, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ẹ mọ̀. Ọkùnrin náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó ní, ‘Ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ̀gbọ́n, kí àwọn ará London tó dé.’

Bí ẹ bá rìn káàkiri, ẹ ó rí ‘fresh’ fish lára pátákó, ẹ ó rí ‘qualified’ teachers lára ògiri ilé-ìwé aládàáni. Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun dún, kí ó mú kí lẹ́tà rẹ̀ nípọn.

Àṣìṣe kan tún wà tó jẹ́ ti àwa Yorùbá gan-an: He said that ‘I am coming.’ Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ló bí i. ‘Ó ní òun ń bọ̀’ ti parí ẹjọ́ lọ́dọ̀ tiwa. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ẹni tó ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ‘òun’ bẹ́ẹ̀, àmì àyọlò ló ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti kọ that, kí ó yọ àmì, kí I di he, kí am di was. Bí ó bá sì fẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gẹ́lẹ́, kí ó yọ that, kí ó fi kọ́mà sí i, kí ó wá ṣí àmì rẹ̀. Ilé ìjọsìn náà lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ ìwé kíkà. Bíbélì King James ti 1611 kò ní àmì àyọlò. Kọ́mà àti lẹ́tà ńlá ló fi ń sọ pé ẹnìkan fẹ́ la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bíbélì Yorùbá àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é, ìwé ìgbà ayé tirẹ̀ ni. Àmọ́ WAEC kò ní fi ti 1611 ṣe máàkì fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wá ju máàkì lọ ni ti ọ̀rọ̀ tí a kò dárúkọ ẹni tó ni ín. Nínú iṣẹ́ àṣekágbá tó ń gba ọwọ́ mi kọjá, mo máa ń rí odidi ìpínrọ̀ tí èdè rẹ̀ yí padà lójijì. Ọmọ tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ẹsẹ̀ kan ilé ẹsẹ̀ kan òde bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, lẹ́yìn náà ó tún padà sí tirẹ̀. Kò sí àmì, kò sí orúkọ ẹni tó ni ín. Àwọn yunifásítì ń lo Turnitin báyìí láti fi mú irú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà sì lè yọ ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú àmì àyọlò kúrò nínú ìṣírò rẹ̀, bí ẹni tó ń lò ó bá ní kí ó yọ ọ́. Àmì tí ọmọ kò fi síbẹ̀ ni ìbá gbà á. Ẹlòmíràn sì wà tó ń fi àmì sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Wọ́n á ní kí ChatGPT bá wọn wá ọ̀rọ̀ Achebe tàbí ti Ṣóyínká, yóò hun ún, wọ́n á fi àmì àyọlò dè é, ó di òótọ́. Nígbà tí mo bá béèrè pé inú ìwé wo, ojú ewé wo, wọ́n á ní ‘Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́, sà.’ Ẹni tó fi àmì yẹn ká ọ̀rọ̀ ti búra pé bí ọlọ́rọ̀ ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kí ọmọ JSS 1 mọ èyí kí ó tó mọ ibi tí kọ́mà ń wọ̀.

Kì í ṣe pé ohun tí mo ń bẹ̀ fún yìí ṣàjèjì sí wa. Ní Oṣù Kìíní 1875, àwọn míṣọ́nnárì CMS pe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sì wà níbẹ̀. Ní 1974, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò dòní: ‘aiye’ di ‘ayé’, ‘enia’ di ‘ènìyàn’, kọ́ńsónáǹtì oníbejì sì kúrò nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pátákó ìlú tiwa ṣì ní b méjì. Àwọn olùkọ́ jà lórí rẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé kùn, ṣùgbọ́n ìwé ìlànà wà tí ènìyàn lè ṣí wò. Ti Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ṣe ìdánwò, a fi í sílẹ̀ fún báírò pupa ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Ní Oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ tún fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ wọn láti ìsàlẹ̀ dókè. Inú mi kò dùn sí i, àmọ́ ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Bí ẹ bá ní Gẹ̀ẹ́sì ni dandan, ẹ sọ èwo nínú rẹ̀ fún wa.

Bí ẹ bá bi mí, n ó ní kí ẹ mú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé òun ló wà nínú ìwé tí ẹ ń pín fún àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ní àmì oníkan, ó dáa. Bí ẹ bá ní oníbejì, n kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tó bá tẹ̀lé ti Amẹ́ríkà láìdà á pọ̀ mọ́ tiwa. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlà ìdí ọ̀rọ̀ kò tíì kú. Ẹ fi àpẹẹrẹ ìwé tí ọmọ wa mọ̀ sí i, *Death and the King’s Horseman* ti Ṣóyínká fún àpọ́sítírọ́fì, ìwé Adésànmí fún kọ́mà. Kò gba ìgbìmọ̀ tí yóò lọ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Àbújá. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tó mọṣẹ́, láti Kàbà, Ìyàrà àti Mópà, lè parí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan.

Oṣù Kẹsàn-án ni sáà tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ewé náà dé ọwọ́ olùkọ́ kí ilé-ìwé tó wọlé. Ti àwọn ilé-ìwé girama ìjọba ní Kàbà àti Bùnú, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. N ó tẹ ìyókù, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onítẹ̀wé kan ní Kàbà